Ta Ló Jókòó Sídìí Kọ̀ǹpútà Ẹbí?

Mọ́ńdè, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Injinía Àgbáyé ti dé o! Ubaydullah, ọmọ àǹtí mi, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi láti òní lọ. Ó kó orúkọ gbogbo àwa tó ni yàrá nílé ẹbí yìí, ní Ẹnu-Ọ̀wá, sínú kọ̀ǹpútà, ó pè é ní ìwé ẹbí. Èmi akọ̀wé àti Bàbá Jíbrílù, olórí ẹbí, nìkan ló lè fi orúkọ kún un tàbí yọ ọ́. Kálukú ní páswọ́ọ̀dù tó fi ń ṣí kọ̀ǹpútà. Ìwé ẹbí fúnra rẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan — ẹni tó bá ti ṣí kọ̀ǹpútà, orúkọ onítọ̀hún ló máa kọ sídìí ohun yòówù tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀. "Àǹtí Qaanitah, tẹ́ ẹ bá ti ń dìde, ẹ tì í pa o." Ọmọ àná fẹ́ kọ́ mi ní ìlẹ̀kùn títì. Rádaràda.

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Bàbá tún gbàgbé páswọ́ọ̀dù wọn. Mo fi tèmi ṣí i, mo dìde fún wọn. Kí n wá ti ẹ̀rọ mọ́ àgbàlagbà lójú? Wọ́n kọ́ mi nílé o. Injinía ni wọn ò kọ́.

Jímọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Injinía tún rán mi létí pé kí n máa tì í pa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Hàwáwù sunkún wọlé tọ̀ mí wá. Opó ni, àbúrò mi, yàrá iwájú nìkan ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ní láyé. Bàbá ní orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé mọ́, kó kó jáde kóṣù tó parí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Ẹni tó yọ ọ́: Qaanitah. Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá àárọ̀.

Hàwáwù ní, "Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ẹ̀rọ òpùrọ́! Ẹni tó ṣe é náà, òpùrọ́!

Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo bú Injinía títí ó fi rẹ̀ mí. Kò bú mi padà. Ó kàn bi mí pé níbo ni mo wà ní Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá. Apọ́ngbọ̀n — mo lọ ra íńkì. Ó ní, ta ni mo fi sórí àga?

Bàbá ni. Bàbá tí ọmọ wọn ń wá ṣọ́ọ̀bù, yàrá iwájú ló sì kọjú sí títì. Wọn ò lè rántí páswọ́ọ̀dù, àmọ́ wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń pa orúkọ rẹ́. Àgbàyà!

Mo máa sọ ọ́ ní ìpàdé. Wallahi, mo máa sọ ọ́.

Sọ́ńdè, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìpàdé ẹbí. Hàwáwù jókòó sórí ẹní, àwọn ọmọ rọ̀gbà yí i ká. Bàbá bi mí lójú gbogbo wọn: "Qaanitah, ṣebí ìwọ akọ̀wé lo yọ ọ́?" Bàbá tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ẹnu mi tó là. "Èmi ni, Bàbá."

Ubaydullah dìde, ó jáde. Mo ń pe ẹlòmíì ní rádaràda.

Mọ́ńdè, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Hàwáwù ń di ẹrù. Kò kí mi. Bàbá wọlé, wọ́n ní páswọ́ọ̀dù tún ti sọnù lórí àwọn, kí n bá wọn ṣí i.

Mo fi tèmi ṣí i. Mo dìde fún wọn.