Àpótí Tó Wà Lára Igi Ìrókò Nínú Igbó Ìjọba

Ọmọ mi àtàtà, Adúmáadán mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé ara ìyàwó le, ṣé ọmọ ti ń rìn? Ẹlẹ́dàá tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà níbí, bàbá rẹ ń sọ pé orúnkún ń dun òun, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀hún kì í dùn ún tí oúnjẹ bá ti délẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ tí mo fà á ya.

Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ni. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba wá so àpótí kékeré kan mọ́ ara igi ìrókò, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà wo igbó, mo bi wọ́n pé kí ló wà fún. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá kọjá níwájú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ á dé ọ́fíìsì yín nílùú ńlá, níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn, mo ní ìjọba yìí mà gbọ́n o, wọ́n ti rántí àwa tí fóònù wa kì í pẹ́ kú. Bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn. Mo ń gbá abẹ́ igi náà kó lè mọ́ lójú rẹ, mo ń kí ọ, mo ń dákẹ́ díẹ̀ kí o lè dáhùn, lẹ́yìn náà mo ń ro ẹjọ́ ilé fún ọ. Mo fi eyín mi tó ń mì hàn ọ́. Mo yíjú sẹ́yìn, mo ká aṣọ sókè, mo fi eéwo tó so sí mi nídìí hàn ọ́, nítorí ta ni mo tún fẹ́ fi hàn, ṣebí ìwọ lo mọ oògùn í rà. Nígbà tí òjò ń rọ̀, mo fi gèlè mi wé àpótí náà kí omi má bàa kán sí ọ lójú. Àgbọ̀nrín kan tiẹ̀ wá dúró síwájú mi gedegbe lọ́jọ́ kan, mo fi ìgbálẹ̀ lé e, mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ dé, kó lọ tò sẹ́yìn.

Mi ò mọ̀ pé ẹranko ni wọ́n ń fi àpótí ka iye rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ àti àwọn ọ̀gá yín kó àlejò wá wo igbó, tí wọ́n ní kí àwa ará abúlé náà wá jókòó nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn ni mo wà, mo ń wò ọ́ nínú kóòtù, mo ń dúpẹ́. Wọ́n paná, wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an làwọn fẹ́ kọ́kọ́ tú àwòrán inú àpótí wò, kí àlejò lè rí ẹranko lára ògiri. Gbogbo wa ń retí ẹranko. Ìdí mi ló yọ. Ọmọ mi, ó tóbi tó ilẹ̀kùn, tòun teéwo. Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, eyín mi, tí ẹnu mi ń lọ bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbọ̀nrín tó ń sá fún ìgbálẹ̀, ọ̀gá yín sì ń pariwo pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá a. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ kọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan nawọ́ sí mi. Ọ̀gá yín kò bínú, ó rọra bi mí lójú gbogbo èèyàn pé Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ṣé ẹ lọ́mọ ní ọ́fíìsì wa ni. Mo wò ọ́. Bàtà rẹ lò ń wò. Mo rò ó pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á máa pè ọ́ ní ọmọ ìyá eléeéwo títí wàá fi fẹ̀yìn tì. Mo ní rárá, mi ò bímọ rí. Àánú mi ṣe gbogbo wọn. Ọ̀gá yín bọ́ fìlà, ó ní Ọlọ́run á ṣí mi nínú, tèmi tewú orí mi. Wọ́n ṣe àmín. Mo gbọ́ ohùn tìrẹ náà níbẹ̀.

Mi ò bínú o, èmi ni mo kọ́kọ́ fẹnu ara mi sọ ọ́. Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn eéwo àti aṣọ tó gùn, bàbá rẹ ní kí o má gbàgbé tòun. Mo ti ń gba ẹ̀yìn igi kọjá báyìí. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí, nítorí ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà fún ọ náà ni mo fi sọ pé mi ò bímọ. Kí Ọlọ́run má fi ṣe àṣẹ. Kó dá ọ sí, kó gbé ọ ga, kí ọmọ tìrẹ pè ọ́ ní bàbá lójú gbogbo ayé. Tí o bá wálé, tí kò bá sẹ́ni kankan nítòsí, kí o pè mí ní ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí n jẹ́ ẹ.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.