Bàálù Tó Ń Fò Lófìfo

Ìjù-Odò. Ọjọ́bọ̀, oṣù Ọ̀wàrà, 1972.

Mo tún gbọ́ ọ lónìí.

Láti ìgbà tí bàálù ilé-iṣẹ́ wa ti ń ná Èkó sí Wàrì ni Màmá ti sọ ọ́ di aago. Bó bá ti kọjá lórí oko nírọ̀lẹ́, Màmá á di igi ìdáná, a ó sì forí lé ilé. Lónìí náà, ó di igi. Ó ní, "Ọkọ̀ yín ti kọjá."

Ọkọ̀ wo? Èmi tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ l'Ékòó, ìṣojú mi ni wọ́n ti tú u palẹ̀, tí wọ́n tà á fáwọn onírin àlòkù, kí n tó wálé.

Ilé-iṣẹ́ bàálù kejì ló dé, tí wọ́n dín owó ọkọ̀ kù. Àwa náà dín tiwa. Wọ́n tún dín in. Nígbà tí a ò rí èrò mọ́, ọ̀gá ní ká ṣáà máa fò. "Ọjọ́ tí a ò bá fò ni wọ́n gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ wa." Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ lófìfo títí owó epo fi tán.

Mo gbójú sókè. Kò sí nǹkan kan. Ìró yẹn nìkan ni, ẹ́ńjìnnì apá òsì sì ń húkọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

"Màmá, ṣé ẹ ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí?"

"Ìgbà wo ló dáwọ́ dúró? Àfi pé ó ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Òótọ́ ni. Imọ̀ ọ̀pẹ ń mì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí atẹ́gùn.

A jẹ pupuru tán. Màmá bi mí jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé àyè ṣì wà nínú ọkọ̀ yín?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi dáhùn. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wa.