Ọṣẹ Tí Mo Fi Fọ Ìgò

                                        Yàrá Òkè, Ilé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Etí Odò.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá mi tí a kò jọ mu ọmú kan náà,

Báwo ni ilé? Báwo ni gbogbo wọn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ alẹ́ tí wọ́n fi í sí ti dópin? Ikọ́ ọmọ ńkọ́? Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o ní kò jẹ́ kí ẹ sùn. Mo gbà á ládùúrà pé ó ti fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ náà ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti gun àtẹ̀gùn? Bá mi kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ pàápàá, torí mo mọ̀ pé òun ni o ń bá sọ̀rọ̀ ju gbogbo wa lọ.

Tí o bá ń béèrè tèmi, ara mi le, ọkọ mi kò yọ mí lẹ́nu, mo sì ti ń sanra díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ohun tí o ń rò, tàbí bóyá òun ni, n kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, n kò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù torí etí pọ̀ nínú ilé yìí. Wá ibi jókòó sí kí o kà á. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, bá mi tọ́ ọ.

O ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni àwọn ará ilé ọkọ mi ń ṣe, n kò dáhùn, torí èmi alára kò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Omi ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Bí odò kan bá ń rùn, tàbí ẹja inú adágún ń kú, tàbí ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ sétí omi, àwọn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Wọn á lọ bu omi, wọn á ha ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, wọn á ka kòkòrò inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun báyìí ló ń ṣe odò yìí, ohun báyìí ni kí ẹ ṣe sí i. Bíi dókítà ni, àmọ́ aláìsàn tiwọn kì í sọ ibi tó ń dun òun.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ga, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ awò ojú wọn gbé sórí tábìlì, oníkálùkù á wá ibi gbà. Ọkọ mi ló ń jáde lọ bu omi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń jókòó ti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, níbi tó ti ń di ojú kan láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Olójú Kan. Ọjọ́ orí wa kò jura lọ, ó sì ti bẹ̀ mí kí n yé pe òun ní "ẹ". Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe ọmọ ìyá wọn níbẹ̀ ni Bàbá Ọlọ́kọ̀, àgbàlagbà kan tó ti ń wa ọkọ̀ ojú omi fún wọn láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Àwàdà wọn kò lópin. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bàtà rọ́bà, tí bàtà náà gbé mi mì dé itan, wọ́n ní, "Ẹ wá wò ó o, bàtà ti gba ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé ni ọ́fíìsì wà, àwa ń gbé lókè. Bí o bá ṣí fíríìjì wọn pé kí o wá omi tútù mu, ẹrẹ̀ nínú agolo ni o máa bá, pẹ̀lú ọjọ́ oṣù lára rẹ̀ bí ẹni pé oúnjẹ ni. Lọ́sẹ̀ kẹta tí mo dé, Ẹ̀gbọ́n Àgbà ní kí n máa bá wọn fọ ìgò tí wọ́n fi ń bu omi. Inú mi dùn débi pé n kò lè dúpẹ́. O mọ̀ mí. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìwé láàárín ara wọn, ọwọ́ mi ni mo máa ń wò. Ìgò fífọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ nínú ilé náà tí mo lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọkọ mi fi hàn mí. Omi gbígbóná ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà omi kíkan inú kẹ́ẹ̀gì pupa, tí a gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ ká tó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà omi mímọ́ tiwọn tí ẹ̀rọ ti sẹ́ nǹkan gbogbo kúrò nínú rẹ̀, ìgbà mẹ́ta. Ó ní, "Kò sí ọṣẹ o." Kò sọ ìdí, èmi náà kò béèrè. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọ? Mo rò pé ahun ni wọ́n. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ wo àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí, wọ́n ra ẹ̀rọ ńláńlá, ọṣẹ lásán ni wọn kò lè rà. Ìgò tí ẹrẹ̀ ti sùn nínú rẹ̀, omi nìkan! Bí ìyá mi bá gbọ́, wọn á ní ta ló tọ́ mi dàgbà. Bí mo ṣe lọ ra ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní igun òpópónà wa, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn garawa, mo sì fi fọ ìgò mẹ́rìnlélógún, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú wọn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ńṣe ni wọ́n ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Olójú Kan gbé ọ̀kan sókè síbi iná, ó ní, "Ìyàwó, ọwọ́ rẹ mà mọ́ o!" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń jẹ lẹ́nu bí àádùn títí di ọjọ́ kejì.

Àwọn ìgò yẹn ni wọ́n kó lọ sí odò kan tó kọjá lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìfọṣọ ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò ní ewé ti bo omi, ẹja ń kú, wọ́n sì ní ilé ìfọṣọ ló fà á. Àwọn aláṣẹ ìlú ní kí Ẹ̀gbọ́n Àgbà wá wo òótọ́ ọ̀rọ̀. Nǹkan kan wà nínú ọṣẹ tó ń bọ́ ewé omi bí ajílẹ̀ ṣe ń bọ́ oko. Òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n bu omi lókè ilé ìfọṣọ, wọ́n bu nísàlẹ̀ rẹ̀. Létí odò níbẹ̀, wọ́n tún da omi mímọ́ tí wọ́n gbé láti ilé sínú ìgò kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi nǹkan kan kó bá omi. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pe ìgò yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé. Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Nǹkan inú ọṣẹ yẹn wà nísàlẹ̀, ó wà lókè níbi tí ilé kankan kò sí, ó sì wà nínú ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n Àgbà yọ awò ojú wọn.

"Láti ìgbà wo ni omi mímọ́ wa ti ń fọṣọ?" ni wọ́n wí.

Olójú Kan ní, "Àwọn ìgò ńkọ́?"

Kí n tó mí, ọkọ mi ti dá a lóhùn. "Ìgò kọ́. Ìyàwó mi ló fọ̀ wọ́n, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń dán ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, ojú kan náà ni mo gbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, ìdí tí wọ́n fi ní kò sí ọṣẹ.

Níbi tí wọ́n ti ń ro ohun tó lè fà á, ọkọ mi rántí pé Bàbá Ọlọ́kọ̀ jẹ ẹja agolo nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó bá òun ṣí ìdérí àwọn ìgò. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ránṣẹ́ pè wọ́n. Bàbá ní, "Ẹ gbà mí o. Bí ẹja bá ń rùn lọ́wọ́ mi, ẹ ó wí; mo fọwọ́, ẹ tún ń wí. Ọwọ́ tí mo ṣàn, tí mo tún ṣàn! Gbogbo odò ni mo fi ṣàn án." Ẹ̀gbọ́n Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi ná, pé àwọn á wá ọlọ́kọ̀ mìíràn tí yóò gbé àwọn lọ tún omi náà bù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá wo gbogbo wa yíká, wọ́n dé fìlà wọn, wọn kò sì ṣe àwàdà kankan títí wọ́n fi jáde.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tó yẹ. Ohun tí mo ń rò ni pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọn á ní irú ìyàwó wo ni àbúrò àwọn gbé wálé yìí, tí a ní kó má fi ọṣẹ kan nǹkan, tó lọ ra ọṣẹ. Oṣù méjì àbọ̀ péré ni mo dé. Mo ń dá oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò. Ọkọ mi bi mí pé ṣé inú ń run mí ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un nìyẹn. Ó lọ ra oògùn inú rírun wá, ó dúró tì mí, mo sì lò ó!

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé kọfí wọlé fún Ẹ̀gbọ́n Àgbà, mo bá wọn lórí fóònù pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ mìíràn náà. Wọ́n ń sọ fún un pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, òun ni àwọn á máa lò lọ. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sẹ́yìn garawa. Mo mú ọṣẹ yẹn, ó ku díẹ̀ nínú páálí rẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí.

Wọ́n gbé fóònù kúrò létí. "Kí ni màá fi èyí ṣe, ìyàwó?"

"Òun ni mo fi fọ ìgò, Ẹ̀gbọ́n."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì!" Olójú Kan ló ké bẹ́ẹ̀ láti ìdí awò rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ṣí ojú kejì. Ẹ̀gbọ́n Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí mo ti rò pé ahun ni wọ́n. N kò mọ ohun tó tì mí sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ẹni orí fóònù má bínú, ọ̀rọ̀ ti yí padà, wọ́n sì ní kí n lọ wọ bàtà mi.

Mo ti gbà pé ilé bàbá mi ni wọ́n ń dá mi padà sí. Ilé Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni a lọ, àwa méjèèjì, ẹsẹ̀ la fi rìn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ lójú ọ̀nà: "Ìwọ ṣi ìgò fọ̀. Èmi ni mo dá àgbàlagbà lẹ́bi láìwádìí, èmi tó jẹ́ pé ìwádìí ni iṣẹ́ mi."

A bá Bàbá lẹ́yìn ilé wọn, níbi tí wọ́n ti dojú ọkọ̀ délẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀dà kùn ún. Wọn kò dìde. Ẹ̀gbọ́n Àgbà kò fi ọ̀rọ̀ gígùn bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo ṣì yín mú." Èmi náà kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá ń kun ọkọ̀ wọn lọ. Láìgbójú sókè, wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlá. Ẹja agolo kan ló fẹ́ pa á rẹ́." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ ìyàwó yìí, ìgò lo fọ̀, orí mi lo da ìdọ̀tí rẹ̀ lé." N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún, mo bá ṣe méjèèjì. Wọ́n ní àwọn á wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ ìgò ni kó gbé e dání dójú omi, kí ẹjọ́ lè mọ ilé ẹni tó ń lọ.

Ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Kì í ṣe nítorí ìgò, nítorí oògùn ni. Ó ní òun dúró ti ènìyàn, ènìyàn ń mu oògùn irọ́ lójú òun. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń tún àwọn ìgò fọ̀, ó dojú garawa délẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì ṣàlàyé ìdí ohun gbogbo fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní àṣìṣe tòun ni pé òun sọ "má ṣe" láìsọ "nítorí". Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó lọ. Bí o bá kà á débí, fa ibi yìí ya.

Bí èmi tí odò kì í kọjá kókósẹ̀ mi ṣe bá ara mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Mo di etí ọkọ̀ mú pinpin. Bàbá ní kí n rọra, kí èékánná mi má lu ọkọ̀ àwọn jò. A bu omi lókè, a bu nísàlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi da omi mímọ́ sínú ẹlẹ́rìí.

Àná ni èsì dé. Nísàlẹ̀ ilé ìfọṣọ, nǹkan inú ọṣẹ pọ̀ lóòótọ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kò parọ́. Lókè, ó kéré bíńtín. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ti kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ pé a da omi àkọ́kọ́ nù nítorí àṣìṣe ìgò fífọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi ní bóyá àwọn aláṣẹ kò ní fún wa ní iṣẹ́ odò kejì nítorí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àgbà ní kí wọ́n máà fún wa.

Wọ́n wá na fóònù sí mi. "Pe Bàbá, kí o sọ fún wọn." O mọ bí mo ṣe máa ń rí tí mo bá fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo pè.

"Bàbá, èsì ti dé o. Ẹlẹ́rìí, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń gbá ara ọkọ̀ wọn. "Kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí rárá, Bàbá."

"Ariwo kí wá ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ yẹn?" Olójú Kan ló ń jó, ọkọ mi ń pàtẹ́wọ́ fún un. "Mo ti dàgbà o, ìyàwó. Ilé yín nìkan ni mo ti rí àwọn tí kò rí nǹkan kan, tí wọ́n sì ń jó sí i." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn kò sì tíì rẹ́rìn-ín tán tí fóònù fi gé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Bá mi kí ìyá rẹ pẹ̀lú, kí wọ́n máa tọ́jú ara. Bí o bá rí ìyá mi, sọ fún wọn pé gbogbo wa wà dáadáa, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo ń fọ nǹkan láìlo ọṣẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í fi nǹkan pamọ́ fún ọ,

Jẹ́jẹ́