Ẹ̀gbọ́n Gbogbo Oko Tíì: Olóògbé Sivapakiyam Periyannan (1951–2019)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí olóògbé ní oko tíì Manjalmalai, lẹ́bàá ìlú Hatton, sí ìdílé Sinnakaruppan àti Kaliyamma, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ oko. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni wọ́n bí Veeramma, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ìwé márùn-ún ni olóògbé kà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé. Ní 1970, ó ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Periyannan, awakọ̀.

Ní 1979, òrùlé ilé ìgbẹ̀bí oko wó, ìkókó kan sì kú. Olóògbé kó àwọn obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí wọ́n fi tún un kọ́. Láti ọjọ́ náà ni tọmọdé tàgbà ti ń pè é ní Akka, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n. Kí a má purọ́, orúkọ yìí kò dùn mọ́ Veeramma. A máa ní, “Ọmọ ìyá tèmi! Ta ló pín in fún yín?”

Ní 1986, olóògbé di ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 1991, Veeramma bá a du ipò náà. Nínú irínwó ìbò, mọ́kànlá péré ni Veeramma rí. Ọkọ Veeramma gan-an kò dìbò fún un.

Lọ́dún kejì, ọ̀gá oko lé Veeramma lẹ́nu iṣẹ́ torí pé ó gbó o lẹ́nu. Olóògbé ní kí ẹnikẹ́ni má já ewé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ewé fi gbó lórí igi kí wọ́n tó gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Veeramma gbé rótì gbígbóná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Akka, torí pé mo jẹ́ àbúrò yín lẹ ṣe jà, àbí?”

“Rárá o. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá lé ni màá jà fún.”

“Ẹ̀ bá kúkú purọ́ fún mi!”

Ó gbé rótì rẹ̀ padà sílé. Odidi ọdún méjì ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Olóògbé fọkàn sin òrìṣà Mariamman. Ọdọọdún ló ń ru ìkòkò iná lọ síwájú òrìṣà náà. Veeramma náà ń ru tirẹ̀, ó sì máa ń rí i pé tirẹ̀ tóbi jù.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2019, olóògbé dágbére fáyé. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ gbé àsíá pupa wá láti fi bò ó. Veeramma dí ẹnu ọ̀nà: “Ogójì ọdún lẹ fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ dúró síta ná.” Òun nìkan ló wẹ̀ ẹ́, tó ya irun rẹ̀, kí ó tó ṣílẹ̀kùn.

Olóògbé fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta (Thavamani, Selvanayagi, Ilango), ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò kan sílẹ̀.

Sùn re o, Sivapakiyam. Àbúrò rẹ kò tíì dárí jì ọ́, òun náà ló sì ń sunkún jù.