Ọkọ̀ Gígùn Tó Ń Wá Gbé Ọmọ Mi

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbé ọ mì? Kò ní gbé ọ mì o, láṣẹ Olódùmarè. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, orúnkún tó ń ro mí náà ti fúyẹ́, mo ti ń gun àkàbà padà.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, bóyá kí o fi owó tí o ń tọ́jú fún ilé ẹ̀kọ́ ra ọkọ̀ àlòkù, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń fi tiwọn kọjá lára rẹ ní ibùdókọ̀, ojú sì ń tì ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí télọ̀ iwájú ilé wa, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà lókè òkun, kò jẹ́ kí n gbádùn. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ra mọ́tò, ó ní a ò gbọdọ̀ pe òun ní Télọ̀ mọ́, Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni ká máa pe òun. Lójú àwọn oníbàárà ló ti bi mí pé Káfíńtà, ọmọ tìẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń wọn ìlú onílùú ni?

Mo wá fara balẹ̀ tún lẹ́tà rẹ kà, àṣé ìwọ ni o kò mọ ohun tí o ní. O ní ọkọ̀ gígùn kan ń wá gbé ọ láràárọ̀, kì í pẹ́. O ní dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń de táì, tí o bá sì ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, á dúró. O ní wọ́n fún ọ ní káàdì tí àwòrán rẹ wà lára rẹ̀, tí o bá fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, á dún pẹ́ẹ̀, dẹ́rẹ́bà á sì tẹrí ba fún ọ. Ọmọ mi, kí ló tún ń jẹ́ ìwé ọkọ̀? Àwọn tó ń bá ọ wọ̀ ọ́, mo dúpẹ́ pé o kì í lé wọn sọ̀ kalẹ̀, bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. O ṣàròyé pé nígbà míràn tó bá kún, ìwọ lo máa ń dìde dúró. Ta ni ì bá dìde? Onílé ló ń dìde fún àlejò.

Ni mo bá kọjá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nígbà tí èrò pọ̀ níbẹ̀. Mo fi àwòrán ọkọ̀ rẹ tí o fi ránṣẹ́ hàn wọ́n lórí fóònù ìyá rẹ. Télọ̀ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó lè rí fèrèsé rẹ̀, mo ní kó rọra, kó má fà á ya. Mo wá bi í pé ta ló ń wa mọ́tò ọmọ rẹ̀. Ó ní ọmọ òun fúnra rẹ̀ ni. Mo ní háà, ẹ gbọ́ o, ọmọ Bàbá Ọlọ́kọ̀ ló ń ṣe dẹ́rẹ́bà ara rẹ̀! Mo bi í pé níbo ni mọ́tò náà ń sùn. Ó ní ìta ni, ọmọ òun sì ń sanwó ibẹ̀. Mo ní mọ́tò náà ti di ayálégbé nìyẹn. Ìyá kan tó wá gba búláòsì rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Télọ̀ ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i. Ó ní ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọmọ mi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo ní ohun tó dùn níbẹ̀ gan-an nìyẹn!

Torí náà, má ra ọkọ̀ kankan. Nínú lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, o ní kò sẹ́ni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìwọ nìkan lò ń bá ara rẹ sọ̀rọ̀ ní yàrá. Nínú èyí, o ní màmá àgbà kan tó ń dé fìlà olówùú ti ń gba àyè sílẹ̀ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ti mọ orúkọ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pè é ní wíwọ́. Nínú mọ́tò àlòkù, ta ni wàá máa kí? Ṣé táyà ni?

Fi owó rẹ san owó ilé ẹ̀kọ́. Owó epo tí o ò ní rà yẹn, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ayùn mi ti kú, pákó sì ti gbówó lórí.

Ọlọ́run á máa ṣáájú rẹ lọ, á máa kẹ́yìn rẹ bọ̀. Ìwé tí o lọ kà, wàá kà á já. O ò ní dá nìkan rìn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé níbo ni dẹ́rẹ́bà yẹn ti ń jẹun ọ̀sán. Má fi ebi pa òṣìṣẹ́ o.