Ẹ̀rín Tí Mo Kùn Mọ́ Màmá Lójú

                                        Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà,
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ yín lẹ́nu, ṣé ó ti jẹ́ kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le. Ojú tí mo lè fi wo èèyàn ni mi ò ní, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé dípò kí n pè yín.

Ọ̀rọ̀ àwòrán Màmá tí Bàbá, kí ilẹ̀ rọ̀ wọ́n, yà kí wọ́n tó bí yín ni. Ẹ̀yin ọmọ ní kí n tún un ṣe de ọjọ́ ìbí Màmá, kí n sì sọ ojú tí wọ́n fà ro níbẹ̀ di ẹ̀rín. Mi ò dá yín lẹ́bi o. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, ọwọ́ mi ló di bùrọ́ọ̀ṣì mú.

Ọ̀dà elépo ni Bàbá lò. Àwọn náà ló sì kọ́ mi pé elépo lè gun olómi, ṣùgbọ́n olómi kì í gun elépo, torí kò ní rí ibi dì mú. Àmọ́ elépo kì í tètè gbẹ, ọjọ́ ìbí sì ti dé tán. Mo ti kà á níbì kan pé ọ̀dà olómi ayé òde òní ń lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Ṣé ìwé ló parọ́ ni, àbí ibi tó wù mí ni mo kà? Olómi ni mo fi kùn ún, mi ò sì kọ́kọ́ fi sáńpépà ha nǹkan kan. Igun ẹnu kan ṣoṣo tó dọ̀tí ni mo fi tínà tó ń fọ epo nù dáadáa. Ó gbẹ kíá. Gbogbo ilé yìn mí, ìyìn náà sì wọ̀ mí lára.

Ẹ mọ̀ pé àràárọ̀ ni Màmá ń fi aṣọ tútù nu àwòrán yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí gan-an, ẹ̀rín náà ṣí kúrò bí awọ ojú wàrà gbígbóná, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Màmá gbé aṣọ náà wò.

"Ìwọ, ta ni o kùn mọ́ mi lójú?"

Àbúrò yín obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé wo ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹ máà bínú, Màmá. A fẹ́ kí ẹ máa rẹ́rìn-ín ni."

"Ẹ̀rín kí ni? Bàbá yín ní kí n jókòó sójú kan, ọbẹ̀ mi ń jóná lórí iná. Ìjà ni mò ń bá wọn jà. Wọ́n ní àwọn á ya ìjà náà bó ṣe rí, wọ́n sì yà á. Ta ló kù tí mo fẹ́ máa bá jà báyìí?"

Igun ẹnu yẹn ló dùn mí jù. Ibẹ̀ nìkan ni mo tọ́jú bó ṣe yẹ, ibẹ̀ nìkan ló sì lẹ̀. Iwájú orí ń fajúro, igun ẹnu kan ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ha á, ọ̀dà Bàbá á bá a lọ. Màmá ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn.

Mo lọ kí wọn lánàá. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú wọn. Wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò mẹ́nu ba àwòrán. Ṣé wọ́n ti dárí jì mí ni, àbí wọ́n ti yọwọ́ lọ́rọ̀ mi?

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, kí ẹ gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí ẹ bá sì délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n bú mi.

                                        Èmi ni tiyín, tí ojú ń tì,
                                        Àbúrò yín ọlọ́dà.