Àpótí Kédárì fún Aṣọ Àjọkẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje 2024

Ó pé ọgbọ̀n ọjọ́ lónìí tí Àjọkẹ́ ìyàwó mi kú. Òjò láti àárọ̀. Mo jẹ búrẹ́dì àná.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nítorí kò sí ẹni tí mo lè máa ṣàròyé fún mọ́. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣàròyé sí ìyàwó mi létí — ìjọba, owó ìfẹ̀yìntì, omi ẹ̀rọ, àwọn tíṣà ìsinsìnyí tí wọn ò mọ nǹkan kan — òun a sì máa dá mi lóhùn pé, "Ẹ ti tún dé." Ìwé kì í dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Fẹ́rànmí pè láti Kánádà. Ọmọ wa kan ṣoṣo. Ọdún méje ló ti wà níbẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì jáde nígbà tí ìyá rẹ̀ kú; bó bá jáde nílùú wọn láìní in lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé. Orí fóònù ló ti wo bí a ṣe ń bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní báyìí ìwé ti jáde. Ó ń bọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló bẹ̀ mí. Ìlú Jọ́ọ̀sì yìí la bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kì í sì í tó o sọ tó bá ń sunkún, Haúsá ló máa ń bọ́ sí. Ó ní, "Bàbá, don Allah, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ aṣọ Màámi." Ó ní òun ní ohùn rẹ̀ lórí fóònù, òun ní àwòrán rẹ̀, àmọ́ fóònù kì í gbé òórùn. Ó ní tí òun bá lè gbóòórùn aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dà bíi pé òun bá a nílé.

Mo ṣèlérí. Ìlérí wo ló rọrùn tó èyí? Kí n má fọ aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Keje

Ogójì ọjọ́. Àlùfáà wá gbàdúrà, ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí wọ́n ṣe tú ká ni Ọ̀gágun gbé bàsíà àti ọṣẹ jáde. Adéwùmí ni orúkọ rẹ̀, àbúrò Àjọkẹ́, ó ń gbé ní Gyel. Inú ikùn mi nìkan ni mo ti ń pè é ní Ọ̀gágun. Ó ní aṣọ òkú, fífọ̀ la ń fọ̀ ọ́ ká tó pín in. Ó ní aṣọ obìnrin kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, àbúrò àti ọmọ ló ni ín. Mi ò jiyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe aṣọ ìyá mi ní Ìjerò. Mo kàn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, mo ní ó di ìgbà tí Fẹ́rànmí bá dé.

Ó ní, "Bàbá Fẹ́ràn, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ pàdánù ẹnì kan." Ó da omi inú bàsíà nù sí àgbàlá, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kò purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀, mo ti orí bọ inú rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń wá èèpo iṣu. Òórùn àdí tó máa ń fi pa orí. Ìpara rẹ̀. Èéfín díẹ̀. Àti nǹkan kan tí kò lórúkọ, tó jẹ́ pé ara rẹ̀ gan-an ni. Mo wà níbẹ̀ títí ìdí fi ń ro mí.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Keje

Wàhálà. Ìró sányán tó ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa ti dá ihò, mẹ́ta, bí ẹni fi ìṣó lu ú. Kòkòrò. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà tutù, èébu funfun ti ń gun ògiri. Òjò Jọ́ọ̀sì yìí ò ní jẹ́ kí oṣù Kẹsàn-án bá nǹkan kan nílẹ̀.

Ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò ní kí n ju káfúrà sí i. Mo ní rárá. Àjọkẹ́ kórìíra káfúrà, àti pé káfúrà á bo òórùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Keje

Ùsmán tó ń ta gwánjò, ọjà àlòkù, lẹ́bàá títì mọ ohun tí mo ń wá kí n tó sọ ọ́ tán. Ó ní, "Haba Malam, igi kédárì ni. Kòkòrò kì í sún mọ́ ọn." Ó ní àwọn òyìnbó tó wá wa kúsà, ìyẹn tánganran, láyé àtijọ́ kó àpótí kédárì wá síbí, aṣọ òtútù wọn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Òun mọ ọkùnrin kan ní abúlé Du tó ṣì ní ọ̀kan.

Kédárì. Igi inú Bíbélì. Àjọkẹ́ ì bá fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 31 Oṣù Keje

Du. Orúkọ ọkùnrin náà ni Philip, ọmọ ẹ̀yà Bẹ̀rọ̀m, ó ń dáko àgbàdo àti ànàmọ́. Bàbá rẹ̀ ló ṣe kúkù fún òyìnbó kan. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé, ó fún un ní àpótí dípò owó oṣù tó kẹ́yìn. Theresa, ìyàwó Philip, ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó irúgbìn sí.

Àpótí ńlá, ó pupa bí ọsàn tó pọ́n jù, irin bàbà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iwájú rẹ̀ ti họ. Mo ti imú bọ inú rẹ̀. Eruku àgbàdo nìkan. Mo láyọ̀. Igi tó ti darúgbó tí kò rùn mọ́, tí kòkòrò ṣì ń bẹ̀rù. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Philip ò kọ́kọ́ fẹ́ tà. Mo sọ ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ fún un. Ó wo Theresa, Theresa bẹ̀rẹ̀ sí í kó irúgbìn rẹ̀ jáde. Nígbà tí a ń gbé e sínú ọkọ̀ ni Philip rántí pé bàbá òun máa ń fi sáńpépà fá inú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni igi náà ṣe ń jí. Ó ní tí bàbá òun bá mú kóòtù rẹ̀ nínú àpótí náà wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó jókòó níwájú á ti mọ̀ pé ó ti dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹjọ

Mo fi sáńpépà fá a láti àárọ̀ títí ọ̀sán, kí kòkòrò má baà ráyè. Ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, abẹ́ ìdérí. Eruku pupa kún irùngbọ̀n mi. Ó jí lóòótọ́ — gbogbo ilé ń ta sánsán. Apá mi ò ṣeé gbé sókè mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti oṣù Kẹfà tí mo ṣe iṣẹ́ kan tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹjọ

Mo kó wọn sí i. Ìró méjìlélógún, bùbá, gèlè, àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti gbó, aṣọ ilé tó wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ. Mo fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun wé gbogbo rẹ̀. Mo tì í. Mi ò ní ṣí i títí Fẹ́rànmí á fi dé, kí atẹ́gùn má baà gbé nǹkan kan lọ.

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹjọ

Òjò. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n pe àwọn opó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà. Obìnrin mẹ́tàdínlógún, ọkùnrin kan. Èmi ni ọkùnrin náà. Ọ̀gágun wà ní ìlà kẹta, kò kí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹjọ

Fẹ́rànmí ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ó bi mí pé aṣọ ńkọ́. Mo ní ọba gan-an ò tọ́jú aṣọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Kẹjọ

Mi ò lè fara dà á. Ọjọ́ ìbí Àjọkẹ́ ni. Mo ṣí àpótí.

Igi. Igi nìkan.

Mo tú ṣíìtì. Mo mú aṣọ ilé yẹn, mo fi bo ojú. Igi. Abẹ́ apá bùbá. Igi. Mo wa ìsàlẹ̀ pátápátá, bóyá ti àárín ṣì kù. Kò sí àdí, kò sí ìpara, kò sí èéfín. Kò sí òun.

Èmi. Èmi tí mo máa ń ṣí ìgò lọ́fíńdà sí igun kíláàsì ní ọdọọdún, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n nawọ́ sókè bí òórùn bá ṣe ń kàn wọ́n. Ìlà àkọ́kọ́ a nawọ́, ìlà kejì, títí dé ògiri ẹ̀yìn. Èmi tí mo kọ̀ káfúrà. Mo fi sáńpépà jí igi, mo sì ti ìyàwó mi mọ́ inú rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo sunkún ju bí mo ṣe sunkún ní ibojì lọ. Ní ibojì, ikú ló mú un. Èyí tó kù nílẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹjọ

Mo ta okùn sínú yàrá, mo sá wọn. Bóyá igi á lọ, òun á kù. Bí igi ṣe ń lọ, kò sí ohunkóhun tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wá ohun mìíràn tí wọn ò fọ̀. Ìrọ̀rí — wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì ikú. Kọ́ọ̀mù — wọ́n ti jó o nù. Obìnrin tí a jọ gbé fún ọdún méjìlélógójì, mi ò rí nǹkan rẹ̀ kan gbámú.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ sí Gyel, mo sọ fún Ọ̀gágun. Mo rò pé á bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bá mi padà wálé. Ó gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, títí kan gèlè. Ó wá jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fẹ́ràn, ẹ ò bá ti jẹ́ kí n kúkú fọ̀ ọ́." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dẹkún kí ó tó tán lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ó ní ká ra àdí, ká ra irú ìpara yẹn, ká fi èéfín sí i. A dán an wò lára áńkáṣífù kan. Ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù. Ó fọ̀ ọ́ kó tó lọ.

Mi ò ní pè é ní Ọ̀gágun mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí. Ibo ni mo tún fẹ́ kó o sí? Mo pinnu pé mo máa jẹ́wọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fà á ya. Mo tún kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ó dé. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ lójú títì níbi tí ọkọ̀ ti já a sílẹ̀, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. A jẹun. Ó tòògbé sórí àga. Mi ò rí ẹnu sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mo jí, mo múra ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Ilẹ̀kùn yàrá ti ṣí sílẹ̀. Ó ti ṣí àpótí, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi aṣọ ilé yẹn bo gbogbo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ tutù. Ó ní, "Bàbá, Màámi nìyí. Òun gan-an nìyí." Ó ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀, tó purọ́ nítorí mi, á jẹ́ pé ó ti gbé ẹrù mi kún tirẹ̀, kò sì tíì pé ọjọ́ kan tó dé. Bó bá jẹ́ òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló sọ, á jẹ́ pé ọdún méje ti gba òórùn ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi sì ti fi igi dí ihò náà. Mi ò lè bi í. Èyíkéyìí tó bá fi dá mi lóhùn, ó burú.

Ó na aṣọ náà sí mi. Ó ní, "Ẹ gbóòórùn rẹ̀, Bàbá."

Mo gbà á, mo fi bo imú. Mo ní òun ni.